Ẹni Tó Ń Ta Ayò àti Ẹni Tó Ń Ta Ọjà: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Ṣe Olórí?

  

Lónìí, mo fẹ́ kí a jọ ro ọ̀rọ̀ kan. Bí ilé iṣẹ́ kan bá ń ṣe eré tí àwọn ènìyàn fi ń najú, irú bí ayò, lúdò tàbí káàdì, ta ni ó yẹ kí ó jẹ́ olórí ibẹ̀? Ṣé ẹni tó fẹ́ràn eré náà, tí òun fúnra rẹ̀ ń ta á? Tàbí ẹni tó mọ ìṣirò owó àti ọ̀nà ọjà, bí kò tilẹ̀ mọ bí a ṣe ń ta eré náà?

Ní èdè wa, "ta" ni a ń sọ fún ayò, "ta" náà ni a ń sọ fún ọjà. Ẹni tó ń ta ayò ń wá ìgbádùn. Ẹni tó ń ta ọjà ń wá èrè. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe iṣẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí a fi ń ṣe wọ́n yàtọ̀ síra.

Ẹ lè bi mí pé: "Olùkọ́, kí ló kàn wá nínú ilé iṣẹ́ eré?" Ó kàn wá gan-an. Ẹgbẹ́ elépo, ẹgbẹ́ oníṣu, ẹgbẹ́ olówùú, gbogbo wọn ló ń yan olórí, irú ìbéèrè yìí ni wọ́n sì ń bi ara wọn. Ọmọ àbúrò mi kan tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní Kutonu ló kọ́kọ́ sọ ìtàn ilé iṣẹ́ eré kan ní Amẹ́ríkà fún mi. Oríṣi olórí méjèèjì ló jẹ níbẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ ìtàn náà fún yín.

Àlọ́ tó di ọjà

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kékeré kan tí à ń pè ní Lake Geneva, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ní Amẹ́ríkà. Orúkọ rẹ̀ ni Gary Gygax. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ asuráńsì kan ní ìlú Chicago. Ní ọdún 1970, iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tún bàtà ṣe nínú ilé rẹ̀, kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ.

Ṣùgbọ́n Gygax fẹ́ràn eré. Ní ọdún 1968, ó ti pe àwọn tó ń ta eré ogun jọ sí gbọ̀ngàn kan ní ìlú náà. Gen Con ni wọ́n ń pe ìpàdé yẹn, ó sì ṣì wà títí di òní.

Òun àti ọkùnrin mìíràn, Dave Arneson, ṣe eré tuntun kan tí wọ́n pè ní Dungeons & Dragons. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ rántí bí a ṣe ń pa àlọ́ lálẹ́. Ẹnì kan ń pa á, àwọn yòókù ń gbọ́, wọ́n sì ń gbe orin. Nínú eré yìí náà, ẹnì kan ni ó ń sọ ìtàn. Ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó yí i ká kì í gbọ́ ọ lásán. Olúkúlùkù wọn jẹ́ ènìyàn kan nínú ìtàn náà. Ọ̀kan jẹ́ jagunjagun, ọ̀kan jẹ́ oṣó, ọ̀kan jẹ́ olè. Ẹni tó ń sọ ìtàn á ní: "Ẹ ti dé ẹnu ihò kan. Ẹranko ńlá kan wà nínú rẹ̀. Kí ni ẹ máa ṣe?" Wọ́n á dáhùn. Wọ́n á wá ju dáìsì, bí a ṣe ń ju ti lúdò, láti mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe á bọ́ sí i. Òfin eré náà wà nínú ìwé. Ìwé yẹn ni ọjà tí wọ́n ń tà.

Ní ọdún 1973, Gygax àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, Don Kaye, dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. TSR ni orúkọ rẹ̀. Owó wọn kò tó láti fi tẹ ìwé. Olùfẹ́ eré mìíràn, Brian Blume, mú 2,000 dọ́là wá. Ní oṣù kìíní ọdún 1974, wọ́n tẹ ẹ̀dà 1,000. Inú ilé ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ kó àwọn ìwé náà sínú páálí. Kí ọdún náà tó parí, ó ti tán, wọ́n sì tún tẹ òmíràn.

Kí ló mú un tà? Àwọn tó ṣe é mọ ohun tó ń dùn mọ́ ẹni tó ń ta eré. Àwọn fúnra wọn ló kọ́kọ́ ta á tó dùn mọ́ wọn, kí wọ́n tó gbé e jáde fún ẹlòmíràn. Bí alásè tó kọ́kọ́ tọ́ ọbẹ̀ wò ni.

Ìgbà tí àwọn olùfẹ́ eré jẹ olórí

Don Kaye kú ní ọdún 1975. Kò tíì pé ẹni 40 ọdún. Lẹ́yìn náà, Kevin, ọmọ ìyá Brian Blume, wá dara pọ̀ mọ́ wọn. Ìpín àwọn ọmọ ìyá méjì yìí nínú ilé iṣẹ́ náà pọ̀ ju ti Gygax lọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tiwọn ló ń borí.

Owó ń wọlé gan-an. Àwọn ọ̀dọ́ káàkiri Amẹ́ríkà ń ta eré náà. Ní ọdún 1983, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà sún mọ́ 400. Gygax lọ sí California, ó lọ bójú tó eré àwòrán tí wọ́n fẹ́ máa fi hàn nínú tẹlifísọ̀n. Nílé, àwọn tó kù ń ná owó. Wọ́n tilẹ̀ ra ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ohun èlò iṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́ àti òwú. Kí ló pa abẹ́rẹ́ àti dáìsì pọ̀?

Nígbà tó yá, ọjà kò yá mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Gbèsè dé. Wọ́n dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ òṣìṣẹ́ dúró.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan níhìn-ín. Eré náà kò burú, àwọn ènìyàn ṣì ń rà á. Ìṣirò ló bàjẹ́. Wọ́n rò pé bí owó ṣe wọlé lọ́dún yìí náà ni yóò ṣe wọlé lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ẹ̀pà bá so dáadáa fún àgbẹ̀ lọ́dún kan, tó wá lọ gbé alùpùpù méjì lórí àwìn nítorí ẹ̀pà ọdún kejì, ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ. Òjò kò bá ẹnikẹ́ni dá májẹ̀mú.

Ẹ̀kọ́ kìíní nìyí: ìfẹ́ eré nìkan kò lè gbé ilé iṣẹ́ dúró.

Ìgbà tí oníṣòwò jẹ olórí

Ní ọdún 1985, Gygax padà wálé. Ó gba àkóso ilé iṣẹ́ náà fún ìgbà díẹ̀. Ó rí i pé òun nílò ẹni tó mọ ètò owó. Ó gba obìnrin kan síṣẹ́, Lorraine Williams. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ọmọ ìyá méjì nì ta gbogbo ìpín wọn fún obìnrin náà. Gygax pe ẹjọ́, ṣùgbọ́n kò borí. Nígbà tí ọdún 1986 ń parí lọ, ó kúrò nínú ilé iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀.

Williams kì í ta eré. Oníṣòwò ni. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: kò wá láti ba nǹkan jẹ́. Nínú gbèsè ló bá ilé iṣẹ́ náà, ó sì mú un dúró fún ọdún tó lé ní 10. Ní ọdún 1989, wọ́n tẹ ìwé òfin eré náà lákọ̀tun. Wọ́n tẹ ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn tó tà dáadáa. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bú u kì í rántí èyí.

Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ló da ilé náà rú.

Àkọ́kọ́, wọ́n ṣe oríṣiríṣi ayé fún eré kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ra ìwé ayé kan kì í ra ti èkejì. Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin kan ń din àkàrà fún 20 ènìyàn, gbogbo wọn sì ń rà á. Ó wá ń se oríṣi oúnjẹ 10 fún àwọn 20 yẹn kan náà. Iná rẹ̀ di 10, epo rẹ̀ di 10, ṣùgbọ́n ikùn àwọn tó ń jẹun kò pọ̀ sí i.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ owó ìwé. Ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń jẹ́ Random House ló ń bá TSR pín ìwé fún àwọn ilé ìtàwé. Bí TSR bá ti kó ìwé ránṣẹ́, Random House á fún un lówó, kí ìwé náà tó tà. Ṣùgbọ́n bí ìwé kò bá tà, wọ́n lè kó o padà, owó náà á sì di gbèsè. Ẹ rí i bí ìdẹkùn náà ṣe rí? Ẹni tó bá ń wá owó kíákíá á kàn máa tẹ ìwé, á máa kó o ránṣẹ́. Ní ọdún 1996, Random House kó ìwé púpọ̀ padà fún wọn.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń tajà, èyí kò ṣàjèjì sí yín. Bí ẹ bá kó igbá ata 20 fún àwọn alágbàtà, ata yẹn kò tíì tà. Ó kàn jáde nílé ni. Ìgbà tí ẹni tó máa jẹ ẹ́ bá ra ata náà ni ó tà.

Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1997, gbèsè ilé iṣẹ́ náà ju mílíọ̀nù 30 dọ́là lọ. Ilé ìtẹ̀wé tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ kọ̀, wọn kò tẹ ìwé fún wọn mọ́. Ìwé tí kò tà kún yàrá ẹrù wọn fọ́fọ́. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ryan Dancey wà lára àwọn tó lọ wo ìwé ìṣirò wọn nígbà tí wọ́n fẹ́ ra ilé iṣẹ́ náà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé òun kò rí àmì kankan pé wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ oníbàárà ohun tí oníbàárà ń fẹ́.

Ẹ̀kọ́ kejì nìyí: oníṣòwò tí kò bá béèrè ohun tí ẹni tó ń rajà ń fẹ́, ìṣirò rẹ̀ á ṣì í lọ́nà. Nọ́ńbà tó kọ sínú ìwé lè tọ̀nà, kí ọjà tó tẹ̀ jáde má sì rí ẹni rà á.

Àwọn tó mọ ti eré, tí wọ́n sì kọ́ ti owó

Ta ló wá ra TSR ní ọdún 1997? Ilé iṣẹ́ Wizards of the Coast ni. Peter Adkison àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1990. Adkison ti ń ta Dungeons & Dragons láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó sì ṣiṣẹ́ ní Boeing, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú.

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n tó lò. Ọkùnrin kan tó mọ ìṣirò gan-an, Richard Garfield, gbé eré kan wá fún un. Eré náà dára, ṣùgbọ́n ṣíṣe rẹ̀ máa gbówó lórí. Adkison kò lé e lọ. Ó ní kí ó lọ ṣe èyí tí kò ní gba owó púpọ̀, tó ṣeé gbé kiri, tí àwọn ènìyàn lè tètè ta parí nígbà tí wọ́n bá ń dúró de eré ńlá. Garfield lọ ṣe eré káàdì. Magic: The Gathering ni wọ́n pè é. Ó jáde ní ọdún 1993, ó sì tà ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Owó tó mú wá ni wọ́n fi ra TSR.

Ẹ wo ohun tí Adkison béèrè. "Kí ó má gba owó púpọ̀": ọ̀rọ̀ oníṣòwò nìyẹn. "Kí wọ́n lè tètè ta á parí nígbà tí wọ́n bá ń dúró": ẹni tó ti dúró rí níbi eré nìkan ló lè ronú kan èyí. Ọgbọ́n méjèèjì wà nínú orí kan.

Lẹ́yìn tí wọ́n ra TSR, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn tó ń ta eré léèrè ọ̀rọ̀. Ní ọdún 2000, wọ́n gbé ìwé òfin tuntun jáde. Kí ó tó di ìgbà náà, ní ọdún 1999, ilé iṣẹ́ ńlá tó ń jẹ́ Hasbro ti ra Wizards of the Coast.

Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti Amẹ́ríkà nìkan. Ní Jàpáànù, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Satoru Iwata. Eré inú kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ HAL. Ní ọdún 1993, gbèsè fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n fi Iwata ṣe olórí. Kò kọ́ iṣẹ́ olórí rí. Kí ló ṣe? Ó pe òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan jókòó, ó ń bi wọ́n léèrè, ó ń gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ó ń kàwé, ó ń kọ́ bí a ṣe ń darí owó. Láàárín ọdún mélòó kan, gbèsè náà tán.

Ní ọdún 2002, ó di olórí Nintendo, ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣe káàdì eré láti ọdún 1889. Nígbà tiẹ̀ ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ eré Wii, ní ọdún 2006, tí àtọmọdé àtàgbà ń lò. Èyí tí wọ́n tà lé ní mílíọ̀nù 100. Ní ọdún 2014, tí ọjà kò yá, ó gé owó oṣù ara rẹ̀ sí méjì fún oṣù mélòó kan. Ó kú ní ọdún 2015, ní ẹni ọdún 55.

Ohun tí èmi rò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo ti sọ ìtàn tó. Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò ọkàn mi.

Bí wọ́n bá ní kí n mú ẹnì kan ṣoṣo, ẹni tó mọ eré tó sì fẹ́ràn rẹ̀ ni mo máa mú, bí ó bá ṣetán láti kọ́ ìṣirò. Ìdí mi ni pé ìṣirò ṣeé kọ́. Mo lè jẹ́rìí sí i. Sètífíkà ni ìwé mi mọ, ṣùgbọ́n mo ti kọ́ àwọn àgbà ní ìwé àti ìṣirò fún ọdún pípẹ́. Mo ti rí ìyá tó ti ní ọmọ-ọmọ, tí kò di bíìkì mú rí, tó wá ń kọ iye owó ẹgbẹ́ sínú kàyé lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn méjì. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń fi bíìkì àti kàyé kọ́ ènìyàn ní ìfẹ́ iṣẹ́.

Ní abúlé wa, àwọn obìnrin onígààrí fẹ́ yan olórí. Àwọn kan mú ìyá kan tó ti ń yan gààrí láti ìgbà omidan rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lásán ló fi ń mọ̀ bóyá gààrí ti gbẹ tó. Ṣùgbọ́n kò mọ̀wé. Àwọn kan mú ọ̀dọ́kùnrin kan tó lọ ilé ìwé, tó mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n tí kò bó ẹ̀gẹ́ rí. Ìjà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Wọ́n ní kí èmi náà sọ̀rọ̀. Mo ní kí ìyá ṣe olórí, kí ọ̀dọ́kùnrin máa kọ kàyé, kí ìyá sì wá kọ́ bí a ṣe ń ka kàyé náà. Kò burú kí olórí ní akọ̀wé. Ohun tó burú ni kí akọ̀wé nìkan mọ ohun tó wà nínú kàyé. Ìyá yẹn wá sí kíláàsì. Ó pẹ́ kí ó tó mọ nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n.

Àwọn àgbà ní, ẹni tó lórí kò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà kò lórí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó lórí àti ẹni tó ní fìlà jọ jókòó. Gygax ní orí, Williams ní fìlà. Bí àwọn méjèèjì bá ti lè jọ ṣiṣẹ́, bóyá ìtàn ilé iṣẹ́ wọn ì bá yàtọ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ní ọdún 2000, Wizards of the Coast ti fún àwọn ẹlòmíràn láyè láti ṣe ìwé tiwọn tó bá Dungeons & Dragons lọ, kí wọ́n sì máa tà á, láì san nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jẹun níbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, àṣírí tú pé ilé iṣẹ́ náà fẹ́ yí àdéhùn yẹn padà, kí àwọn tó ń pa owó ńlá máa san nínú rẹ̀. Inú bí àwọn tó ń ta eré. Ọ̀pọ̀ wọn dá owó tí wọ́n ń san fún ilé iṣẹ́ náà dúró. Kí oṣù náà tó parí, ilé iṣẹ́ náà yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Ta ni olórí Hasbro nígbà yẹn? Chris Cocks ni. Òun náà ti ń ta Dungeons & Dragons tipẹ́. Ẹ rí i pé ẹni tó mọ eré náà lè jókòó sórí àga títí etí rẹ̀ á fi jìnnà sí ìsàlẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ yan olórí, ìbáà ṣe ti ilé iṣẹ́ eré tàbí ti ẹgbẹ́ yín, ẹ bi ara yín ní nǹkan mẹ́ta. Ṣé ó mọ iṣẹ́ tí à ń ṣe, ó sì fẹ́ràn rẹ̀? Ṣé ó lè ka kàyé owó, tàbí ó ṣetán láti kọ́ ọ? Ṣé ó máa ń béèrè, tó sì máa ń gbọ́ bí a bá dáhùn?

Ní tèmi, ìbéèrè kẹta ló wúwo jù. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́, bí ó bá ń gbọ́, á rí ẹni sọ fún un. Ẹni tí kò mọ ìṣirò, bí ó bá ń gbọ́, á rí ẹni kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́, kò sí ohun tí a lè fi kún tiẹ̀.

Ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ará ilé yín, kí ẹ jọ jiyàn lé e lórí. Bí èrò yín bá yàtọ̀ sí tèmi, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí.